Ìyé Ní Ó Ń Bọ̀: Ohun Tí Ojú Mi Rí Létí Òkun Wárì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rò pé mo kú sí Wárì, ẹ wò mí dáadáa. Èmi Ràṣíìdì nìyí, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ ahunṣọ òfì, wẹ́dà tó fọwọ́ ara ẹ̀ jó ilẹ̀kùn irin ìdajì ilé tó wà ní àdúgbò wa. Látìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ìbọn ń dún níbẹ̀ bí ẹni ń yan gúgúrú. Òótọ́ ni. Àmọ́ ti ìbọn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ló wà lọ́kàn mi, ọ̀rọ̀ kékeré báyìí, tí mo gbé sáré kó tó tán lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Ilé ìyá kan ló bá a lọ.

Ugborikoko

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Mùlíkà ni mo kọ́kọ́ balẹ̀ sí, àbúrò ìyá mi tó ń ta abọ́ oníke lọ́jà. Ugborikoko, àdúgbò kan ní Wárì, ló ń gbé. Mo ti múra tán láti fi Òyìnbó tí mo kà dé fọ́ọ̀mù tú dá bírà fún wọn. Bí mo ṣe wọlé ni mo dúró ṣanṣan, mo ní, "Good evening, how is everybody?" Kúdí, ọmọ Àǹtí mi, wò mí látòkè délẹ̀.

"Broda Rashi, na interview you come?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo fi Yorùbá bá a wí, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, Píjìn ló fi dá mi lóhùn. Mo ní, "Ṣé ahọ́n tìẹ ò lè yí ni?"

"E dey turn," ló wí. "Na your own never turn."

Àǹtí mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé bí gbogbo àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣe rí nìyẹn. "Níbí, Ràṣí, tó ò bá gbọ́ Píjìn, adìẹ gan-an á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi: stáàṣì tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ rò bí ọkà, àti ọbẹ̀ bàngá tí wọ́n fi ẹyìn sè. Ó pọ́n, ó ń dán. Mo bù ú bí ẹni ń bu ọkà, ó fà tẹ̀ lé ọwọ́ mi láti inú abọ́ dé ẹnu, kò já. Mo fi eyín gé e, ó lẹ̀ mọ́ eyín. Kúdí ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́, àánú mi ló ń ṣe é. Ó fi ọbẹ̀ pa ìka ẹ̀ lára, ó gé kékeré, ó yí i, ó gbé e mì. "No fight am," ló wí. Nígbà tí mo máa fi jẹ abọ́ kejì tán, mo ti ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jẹ tó mi.

Ìlú ò dára nígbà yẹn. Àwọn tó jọ ń gbé látayé baba wọn ti kẹ̀yìn síra. Ọkùnrin kan tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa bi mí lọ́jọ́ kan pé ẹ̀yà wo ni mí. Àyà mi já. Mo ní Yorùbá. Ó ní, "You no dey inside. Sit down." Ó gbé àga fún mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ pé wọ́n ti dáná sun ilé tiẹ̀, pé inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń sùn. Ẹni tí kò nílé ló fún mi ní ìjókòó.

Omi tí kò ní òdìkejì

Ẹnjiníà Délé máa ń ra abọ́ lọ́wọ́ Àǹtí mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Èkó ni wọ́n bí i sí. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀ ló gbé e wá, Ugbolokposo nítòsí Wárì ló sì gba ilé sí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ Yorùbá ẹ̀ dà bí ìrẹsì tó ní òkúta, o ò ní jẹ ẹ́ lọ gbọnrangandan kí eyín ẹ má kan Òyìnbó. Ó ní àwọn ń mọ ògiri irin sí etí òkun ní ìlú kékeré kan, kí omi má baà gbé ìlú náà lọ. Ó ní àwọn ń wá wẹ́dà.

"Ẹ ti rí i, sà," ni mo wí. "Irin tó bá gbúròó mi, á yọ́ fúnra ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo gbọ́ Ìlàjẹ, torí àwọn Ìlàjẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀, òun ò sì gbọ́ ọ.

"Ìlàjẹ kẹ̀? Ṣé kì í ṣe Yorùbá ni? Mo gbọ́ ọ bí orúkọ mi!"

Irọ́ ni. N ò bá ọmọ Ìlàjẹ kankan sọ̀rọ̀ rí láyé mi. Àmọ́ ọ̀gá gbà mí gbọ́. Ó ní èmi ni màá jẹ́ ògbifọ̀ òun, pé tíṣẹ́ bá parí, òun á mú mi lọ sí Èkó kí ilé-iṣẹ́ gbà mí wọlé pátápátá. Mo ti ń rí ara mi ní Èkó.

N ò ní sọ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe gbé wa lọ. Ẹ̀rù bà mí, ó tán. Ìgbà tí a já sí gbangba ni mo rí omi tí kò ní òdìkejì. Odò Ògùn tí à ń fi yangàn nílé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹ̀ níwájú òkun. Ilé pákó ni ilé wọn, lórí òpó, páànù lórí ẹ̀. Yanrìn funfun ló wà níwájú ìlú, ó rọra tẹ́ lọ sínú omi, àwọn ọkọ̀ ìpẹja sì dùbúlẹ̀ lé e lórí bí ewúrẹ́ tó yó.

Wọn kì í bi àlejò ní ohun tó gbé e wá kó tó jẹun. Púpurú ni wọ́n gbé fún wa, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi èéfín yan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ kúnná, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù. Èéfín ń rùn lára ẹ̀, ó sì dùn. Lẹ́yìn tá a jẹun tán ni Báálẹ̀ tó fi Píjìn sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ pẹ́ táwọn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ògiri yìí. Ọkọ̀ ńlá àwọn elépo tó ń kọjá máa ń ti ìgbì lu etí ìlú, ilé ìwé àwọn sì ti kù díẹ̀ kó yẹ̀ sómi. Lọ́jọ́ tí báàjì, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kó ẹrù lórí omi, kó irin dé, ọkùnrin jó, obìnrin jó. Èmi náà jó. Ta ni ò ní jó?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé sáré

Ìyé ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀. Ìyé Bọ́sẹ̀ ń gbé lápá ìpẹ̀kun ìlú, ilé díẹ̀ ló wà lẹ́yìn tiẹ̀, opó ni, àgọ́ tó ti ń yan ẹja sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀. Àwọn apẹja ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ máa ń gúnlẹ̀ síwájú ilé ẹ̀ gan-an, òun á gba ẹja, á yan án, obìnrin mìíràn á kó o lọ sí Wárì. Ohun tó ń jẹ nìyẹn.

Ọ̀gá ní kí n bi í bí omi ṣe máa ń ṣe níwájú ilé ẹ̀, kóun lè mọ ibi tí ògiri máa parí sí. A bá a níbi tó ti ń la ẹja.

"Ọma mi, jókòó," ló wí. Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ nìyẹn.

"Ìyé, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Òkun ò ní ṣókí."

N ò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó na ọ̀bẹ sí òkun, ó nà án sí ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ó tún nà án sí òkun. Ìlàjẹ ẹ̀ ń rọ̀ lé mi lórí bí òjò lórí páànù, ariwo ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Èyí tó ṣe kedere sí mi nínú gbogbo ẹ̀ ni "lọ" àti "bọ̀". Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ dé ẹsẹ̀ ilé mi. Mo ti gbọ́ ọ! Mo yíjú sí ọ̀gá.

"Sà, ó ní omi ń bọ̀. Ó ń bọ̀ dé ẹsẹ̀ ilé òun. Ẹ jẹ́ ká gbé ògiri yìí dé ibí kómi má gbé ìyá lọ."

Ọ̀gá wò mí. "Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn? Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ o."

"Sà, ẹ mọ àgbà. Wọ́n máa ń tún un sọ."

Ọ̀gá wo ilé pákó yẹn, àánú ìyá ṣe é. Ó gbé ọ̀dà pupa, ó fà á sílẹ̀ níwájú àkàsọ̀ ilé ẹ̀ gan-an. Tẹ́lẹ̀, ibi ilé ìwé ni ìwé wọn ní kí ògiri parí sí. Ìyé dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Lójú tiẹ̀, a sàmì síbẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ni. Ó fi ewé di ẹja yíyan mẹ́fà fún wa. Mo jẹ mẹ́rin.

Irin

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ògiri yẹn wù mí. Irin pẹlẹbẹ tó gùn ju òpó iná lọ, kíréènì á gbé e sókè, ẹ̀rọ á máa gbá a lórí títí á fi rì, èmi á wá jó o mọ́ èkejì ẹ̀. Mo fi iná wẹ́dà kọ RASHIDI ISEYIN sára irin tó kẹ́yìn. Nígbà tí omi ńlá àkọ́kọ́ dé, ó lu ògiri gbàù, ó padà sẹ́yìn. Ilé ìwé ò mì. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́, mo tẹríba bí ẹni pé èmi ni mo bí irin.

Àmọ́ omi tó padà yẹn ò padà lásán. Lórí yanrìn, ìgbì máa ń gùn, á rẹ̀ ẹ́, á sì rọra wá sílẹ̀. Lára irin, kò rẹ̀ ẹ́. Bó ṣe lù ú náà ló ń já sílẹ̀, tó ń wa ilẹ̀ lábẹ́. Kó tó di oṣù kan, yanrìn ẹsẹ̀ ògiri ti lọ, omi ti jìn níbẹ̀. Ọkọ̀ ò ríbi gúnlẹ̀ mọ́, imú ọkọ̀ ọkùnrin kan fọ́ mọ́ irin lójú gbogbo wa. Àwọn obìnrin tó máa ń rọra rìn wọnú omi lọ fọ ẹja wá ń gba àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ kànga. Òjò tó sì rọ̀ lẹ́yìn ògiri ò ríbi jáde, ó dágún sí abẹ́ ilé wọn, ẹ̀fọn gbà á.

Ọ̀gá rí i. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní àwọn ò tíì parí ẹ̀ ni, pé àwọn á da òkúta sí ẹsẹ̀ ẹ̀, àwọn á lu ihò tómi òjò á máa gbà jáde, àwọn á sì tẹ ìpẹ̀kun ẹ̀ wọnú ilẹ̀ bí apá tó ká, kómi má baà gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé.

Ọkọ̀ tó wá kó wọn

Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Wárì. Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wá kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ, àyè ò sì tó. Ọ̀gá Délé pariwo, "Ràṣíìdì, wọlé!" Mo ní káwọn bàbá wọlé kọ́kọ́, pé èmi ò kí ń sá. Ẹ máa gbé mi gẹ̀gẹ̀ bí akọni? Mo rò pé ọkọ̀ kejì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ni. Ọkọ̀ kejì ò wá. Ìpẹ̀kun ògiri dúró gbagidi níwájú ilé Ìyé, láìsí òkúta, láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ wọnú ilẹ̀.

Ìyé ló gbà mí sílé. Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé nínú ọkọ̀, àwọn tí wọ́n lé kúrò ní ìlú wọn. Ó mú márùn-ún nínú wọn, wọn kì í ṣe ẹ̀yà ẹ̀, wọn ò gbọ́ èdè ẹ̀. Nígbà tí àwọn géńdé kan gbé ọkọ̀ sáré wá pẹ̀lú ìbọn, tí wọ́n bi í pé ta làwọn yìí, ó dìde dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀bẹ ìlaja lọ́wọ́, ó fi ìwọ̀nba Píjìn tó gbọ́ dá wọn lóhùn.

"Na my pikin dem," ló wí.

"All of dem, Mama?"

"I born well."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ. Èmi tí mo máa ń sọ pé n kì í bẹ̀rù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà.

Kò bọ̀

Níbẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ Ìlàjẹ lóòótọ́, torí kò sí iṣẹ́, kò sì síbi tí mo fẹ́ sáré lọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ Ìyé síbí, Yorùbá tiwa ni mo fi bò ó kó lè yé yín.

Ọyẹ́ dé. Láràárọ̀ ni Ìyé máa ń lọ dúró létí ògiri, á wo ẹsẹ̀ irin, á mi orí. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ̀ lé e.

"Kò bọ̀," ló wí.

"Kí ni ò bọ̀, Ìyé?"

"Yanrìn."

Mo jókòó lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Tí òjò bá ń rọ̀, òkun á gbé yanrìn lọ, àlejò ló lọ ṣe. Tí ọyẹ́ bá dé, á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ẹsẹ̀ ilé mi. Látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, kò yẹ̀ rí. Mo sọ fún ọ̀gá yín. Mo ní ó ń bọ̀, kẹ́ ẹ fàyè sílẹ̀ fún un."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ná, ẹ̀yin èèyàn mi. "Ó ń bọ̀." Lẹ́nu tiwa, omi ni "ó", yanrìn ni "ó", ọ̀rẹ́ ni "ó", ọ̀tá ni "ó". Ẹni tó sì ń gbé bàtà wọ̀ láti jáde nílé á ní òun ń bọ̀. Ohun tí Ìyé ń retí bí ọmọ ẹ̀ tó lọ sájò, òun ni mo ní kí wọ́n fi irin dènà.

Mo gbé e mì fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, omi kún. Ó lu ògiri, kò ráyè, ló bá fẹ̀gbẹ́ rìn títí dé ibi tí irin parí sí. Bàbá mi máa ń sọ pé etí tí a ò bá dì ni aṣọ ti ń tú. Bó ṣe rí nìyẹn. Kílẹ̀ tó ṣú, àgọ́ ìyanja ti lọ, òpó ilé méjì ń fì lórí omi. Àwa méje tá à ń gbé níbẹ̀ dúró, à ń wò ó. Ìyé ò sunkún. Ó ń ṣa abọ́.

"Ìyé," mo ní, "èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ti irọ́ tí mo pa fún ọ̀gá, mo sọ ti ọ̀dà pupa. Ó gbé abọ́ kalẹ̀.

"Ọma Ọ̀yọ́. O gbọ́ ìdajì, o fi odidi tà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé."

"Mo ní kó o jókòó."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Ó tún gbé abọ́ náà. "Èmi náà rí ọ̀dà yẹn, n ò béèrè. Mo ní ẹni tó gbé ọ̀dà lọ́wọ́ á mọ ohun tó ń kùn." Ó na ọwọ́ kí n fà á dìde. "Lọ wá òòlù."

Ìṣó

Ọjọ́ méjì la fi tú ilé ẹ̀, àwa, àwọn ará ìlú, àti àwọn márùn-ún tí kò gbọ́ èdè ẹ̀. Ìṣó ni iṣẹ́ tèmi: kí n yọ ọ́, kí n fi òkúta nà án tọ́. A kó pákó gba ẹ̀yìn ilé ìwé, a tún un kàn síbẹ̀. Ilé dúró dáadáa, ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní níbẹ̀, Ìyé jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bi mí pé níbo ni òkun wà.

Lẹ́tà

Ilé Bàbá Ṣẹ́gun, tó tẹ̀ lé ti Ìyé, ló wá kan ìpẹ̀kun ògiri báyìí. Bàbá wá bá mi, ó ní èmi tí mo mọ̀wé, kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́, kí wọ́n fa ògiri dé iwájú ilé òun. Ìyé wà níbẹ̀.

"Tó bá dé ọ̀dọ̀ tìrẹ," ló wí, "ta ló kàn?"

"Adélé, aládùúgbò mi ni."

"Kí Adélé náà kọ lẹ́tà?"

Bàbá Ṣẹ́gun fi ọwọ́ họ orí. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú Báálẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí ògiri ilé ìwé dúró, kí wọ́n yọ irin iwájú ilé Ìyé, kí wọ́n tẹ ìpẹ̀kun wọnú ilẹ̀, kí yanrìn lè rọ́nà. Mo kọ ọ́, mo kà á fún Ìyé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá mi dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa ọ̀rọ̀ rẹ́ tí mo tún un kọ.

Nígbà tí ọ̀nà là díẹ̀, mo gbé e lọ bá ọ̀gá Délé ní Ugbolokposo. Ó ń di ẹrù ẹ̀, wọ́n ti ní kó padà sí Èkó. Ó ka lẹ́tà náà.

"Ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn nìyí?"

"Òun ni, sà. Èmi ni mi ò gbọ́. Mi ò gbọ́ Ìlàjẹ nígbà yẹn."

Ó jókòó lé páálí. Mo rò pé á bú mi. Ó ní, "Ó yẹ kí n dúró wo òjò kan àti ọ̀gbẹlẹ̀ kan kí n tó gbé ọ̀dà." Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Èkó pé kí ògiri gùn sí i, pé òun á fi lẹ́tà yìí síwájú wọn kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Ó fi í sínú ìwé ẹ̀, kò fi í sínú àpò ẹrù. Ti iṣẹ́ Èkó mi, mi ò bi í.

Mo ti wá sílé. Àǹtí Mùlíkà ń bá wọn dúnàádúrà ẹja, òun ló ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi. Wọn ò tíì yọ irin kankan, wọn ò sì fi kan kún un. Iwájú ibi tílé Ìyé wà tẹ́lẹ̀ ṣì jìn. Àmọ́ nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, yanrìn díẹ̀ fo ibẹ̀ kọjá, ó dé iwájú Bàbá Ṣẹ́gun. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbà. Wọ́n ń pín in lò: ọkọ̀ kan á gúnlẹ̀, á já ẹja sílẹ̀, á tì kúrò, òmíràn á wọlé. Àǹtí ní Ìyé Bọ́sẹ̀ máa ń rìn wá láti ẹ̀yìn ilé ìwé láràárọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀, òun ló ń dúró lórí yanrìn yẹn, tó ń fọwọ́ pe àwọn ọkọ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.